Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Yọ Lọ́fun Bùọ̀dá?

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

   Mo rí fọ́tò àwọn ìbejì wa tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ìlú Ọba, Kẹ́hìndé ti ga ju Táíwò lọ. Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí.  Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní aṣọ òtútù tí ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé bá àwọn mu, òtútù òwúrọ̀ ni àwọn fi ń lé.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ tán, mo tún gbọ́ ọ. Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n wa, jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a ó bára wa sọ ta sí wọn létí, ni n kò ṣe lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ sínú fóònù lọ, torí náà ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. Ẹ ní àwọn dókítà fẹ́ gé ọ̀fun Bùọ̀dá kúrò. Ẹ ní bàbá ará Jàmáíkà kan ládùúgbò yín ní jẹjẹrẹ ọ̀fun, lésà ni wọ́n fi wò ó, kò pẹ́ nílé ìwòsàn rárá, ó sì ń bá yín sọ̀rọ̀ títí dòní. Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún tiwa. Ṣé torí pé Nàìjíríà la wà ni?

Àǹtí mi, kódà ká ní Mánṣẹ́sítà ni Bùọ̀dá wà lónìí, ìmọ̀ràn kan náà ni mo rò pé àwọn dókítà ibẹ̀ á fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti wọ́ọ̀dù etí, imú àti ọ̀fun tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ rántí bí Bùọ̀dá ṣe máa ń ya orí àti ọrùn èèyàn sára pátákó nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ẹ̀yà ara ìfọ̀? Ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀, kòmóòkun lórí rẹ̀, gògóńgò lórí kòmóòkun, tán-án-ná nínú gògóńgò, kó tó wá kan káà ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú. Wọ́n á ní kí gbogbo kíláàsì gbé ọwọ́ lé ọrùn, kí a pe "à" kó gùn, kí a lè mọ bí tán-án-ná ṣe ń gbọ̀n. Àwòrán yẹn gan-an la nílò báyìí. Ibi tí wọ́n ń pè ní ọ̀fun yìí kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Jẹjẹrẹ lè mú tọ́ńsìlì tàbí ìdí ahọ́n. Ó lè mú ìsàlẹ̀ káà ọ̀fun, níbi tí oúnjẹ ti ń yà sọ́nà tirẹ̀. Ó sì lè mú gògóńgò, bóyá lókè tán-án-ná, bóyá lórí tán-án-ná gan-an, bóyá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti nà dé ni oníṣẹ́ abẹ ń wò kó tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí tán-án-ná ló ń tètè tú ara rẹ̀ fó, torí pé kókó tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ti tó láti mú kí ohùn há. Bí ẹni náà bá tètè lọ, tí tán-án-ná rẹ̀ ṣì ń ṣí, tó ṣì ń pa dé, iṣẹ́ kékeré ni. Ó jọ pé bí ti bàbá ará Jàmáíkà yín ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á fún èèyàn ní oògùn oorun, wọ́n á ti páìpù irin kan gba ẹnu rẹ̀ dé gògóńgò, dókítà á gbé ojú lé máíkírósíkóòpù, á sì máa fi iná lésà gé jẹjẹrẹ náà kúrò. Wọn kò ní fi abẹ kan ọrùn rẹ̀ rárá. Dókítà méjì ní Boston, Strong àti Jako, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa lílo lésà nínú gògóńgò ní ọdún 1972. Nígbà tó yá, Wolfgang Steiner ní Jámánì fi hàn pé a lè fi yọ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Ohùn ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún lè máa há díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohùn ara rẹ̀ ni. Fún irú jẹjẹrẹ kékeré bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) nìkan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí aláìsàn yan èyí tó bá wù ú.

Ẹ má sì rò pé níbi tí kò bá ti sí lésà, kò sí ọ̀nà mìíràn. Kí lésà tó dé ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń la iwájú ọrùn, tí wọ́n ń gé tán-án-ná kan ṣoṣo kúrò, tí wọ́n sì ń rán an padà. Bí jẹjẹrẹ bá wà lápá kan, wọ́n lè yọ ìlàjì gògóńgò, kí ìlàjì kejì máa ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà lókè tán-án-ná nìkan, wọ́n lè gé apá òkè kí wọ́n sì fi tán-án-ná sílẹ̀. Justo Alonso ní orílẹ̀-èdè Uruguay ló sọ irú èyí di mímọ̀ ní ọdún 1947. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé apá òkè yẹn ló ń bá wa dé ọ̀nà èémí nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ mì. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, oúnjẹ á máa fẹ́ ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà á sì ní láti tún jíjẹ àti mímu kọ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò bá lágbára kò lè gbà á mọ́ra.

Ti róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, tí ẹ kà nípa rẹ̀, tọ́ńsìlì àti ìdí ahọ́n ló wà fún jù lọ, torí ibẹ̀ sá pamọ́, ọwọ́ àti ojú kì í tó o dáadáa. Weinstein àti O'Malley ní yunifásítì Pennsylvania ló lànà rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 2009. Kí ó tó dé, wọ́n lè ní láti la egungun àgbọ̀n sí méjì kí wọ́n tó débẹ̀. Jẹjẹrẹ tọ́ńsìlì àti ìdí ahọ́n ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba, HPV ló sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, kòkòrò àrùn kan náà tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù abẹ́rẹ́ HPV fún àwọn ìbejì wálé láti sùkúù, ẹ fọwọ́ sí i fún méjèèjì. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọkùnrin náà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tó ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Níbí, àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọmọ mi obìnrin sì ti gbà á.

Ó kan Bùọ̀dá wàyí.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ohùn wọn ti há. Wọ́n ní eruku ṣọ́ọ̀kì tí àwọn ti fà símú ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn ni. Wọ́n lá oyin, wọ́n jẹ ataare, wọ́n mu àgbo, kẹ́míìsì ta kápúsù fún wọn léraléra. Ẹnìkan ní bèlúbèlú ni, ó ní kí a pe olóólà wá gé e, ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó wọn tó kọ̀ jálẹ̀. Sìgá tí wọ́n mu nígbà ọ̀dọ́ ńkọ́? Wọ́n ti jáwọ́ níbẹ̀ tipẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sìgá ni baba ohun tó ń fa jẹjẹrẹ gògóńgò, bí a bá sì fi ọtí kún un, ewu rẹ̀ ń di ìlọ́po. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni lọ fi bú wọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé a ti gbọ́ ọ pé ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà ọ̀fun ló yẹ kó wò ó. Nílé wa yìí, ilé àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì, a kò ṣe bẹ́ẹ̀: Bùọ̀dá yẹra fún mi pátápátá, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi dípò kí wọ́n pè, kí n má baà gbọ́ bí ohùn wọn ṣe rí.

Ìgbà tí èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru ni ìyàwó wọn ké sí mi. Àwọn dókítà ti kámẹ́rà tín-ínrín gba imú wọn wọlé, wọ́n rí i pé tán-án-ná ọ̀tún kò mira mọ́. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni. Síkáànù wá fi hàn pé ó ti jẹ eegun rírọ̀ iwájú gògóńgò já, ìyẹn èyí tó máa ń yọ lọ́rùn ọkùnrin, ó sì ti yọ sí ìta rẹ̀. Kókó kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ẹ̀dọ̀ mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìpele kẹrin ni wọ́n ń pe èyí, mo sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà á já yín láyà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́rọ̀ gògóńgò, ìpele kẹrin ṣì lè jẹ́ èyí tí abẹ á yọ tán, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Ti Bùọ̀dá kò tíì rìn.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí nípa ìtànṣán àti kẹ́mò. Èmi náà bi kọnsọ́tántì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì jọ, 332 ni wọ́n, jẹjẹrẹ gògóńgò wọn ti dàgbà. Wọ́n yọ gògóńgò àwọn kan, wọ́n sì fi kẹ́mò pẹ̀lú ìtànṣán tọ́jú àwọn yòókù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù láàyè lápá méjèèjì kò yàtọ̀, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni, gògóńgò ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba kẹ́mò sì wà lọ́rùn wọn. Iṣẹ́ ribiribi ni, ó ti gba ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn là láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí jẹjẹrẹ tiwọn tóbi jù lọ, bíi ti Bùọ̀dá, ó ju ìdajì lọ tí wọ́n padà yọ gògóńgò wọn náà nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ abẹ lórí ọrùn tí ìtànṣán ti kọ́kọ́ jó sì máa ń pẹ́ kó tó jinná, itọ́ sì máa ń já gba ojú rírán jáde. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í ronú sí. Gògóńgò tí jẹjẹrẹ ti bà jẹ́ lè wà lọ́rùn síbẹ̀ kó máà wúlò mọ́, kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ihò tí wọ́n lù fún èémí má sì ṣeé dí. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ní kí wọ́n yọ gbogbo gògóńgò ná, kí ìtànṣán tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tí wọ́n máa ṣe gan-an nìyí. Wọ́n á yọ gògóńgò pẹ̀lú tán-án-ná inú rẹ̀. Wọ́n á fa orí kòmóòkun wá síwájú, wọ́n á rán an mọ́ awọ ọrùn nísàlẹ̀, ihò kan á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Ibẹ̀ ni Bùọ̀dá á máa gbà mí. Wọ́n á rán káà ọ̀fun padà kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ lọ sí ikùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pínyà pátápátá, omi kò sì tún ní pá wọn lórí bó ṣe ń pá wọn lórí báyìí. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á kó àwọn kókó kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí máa ń kọ́kọ́ sá lọ. George Crile ló kọ̀wé lórí iṣẹ́ yẹn ní ọdún 1906. Láyé ìgbà náà, wọ́n ń kó ẹran, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé èjìká pọ̀ mọ́ ọn. Lónìí wọ́n ń gbìyànjú láti dá ìwọ̀nyẹn sí, ṣùgbọ́n èjìká ṣì lè wúwo fún wọn fún ìgbà díẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti jẹ káà ọ̀fun pọ̀, wọ́n máa ń mú ẹran àyà, awọ apá, tàbí ìfun díẹ̀ láti fi tún un ṣe. Àwọn dókítà kò retí pé ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá á dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1873 ni Theodor Billroth yọ gbogbo gògóńgò ọkùnrin kan ní Vienna nítorí jẹjẹrẹ, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó yọrí sí rere. Ẹ mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe? Tíṣà ni. Ọmọ ọdún 36. Gussenbauer, igbákejì Billroth, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi sí i lọ́rùn, ó sì fi ń sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ náà padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì pa á, torí pé nígbà náà kò sí ìtànṣán, kò sí síkáànù, kíkó àwọn kókó ọrùn kò sì tíì di àṣà. Mo sọ ìtàn yìí fún Bùọ̀dá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé: "Ṣé ó padà sí kíláàsì?" Mo sọ fún wọn pé n kò mọ̀.

Ohùn ni ìbẹ̀rù wọn, Àǹtí. Ikú kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tí kò ní gògóńgò fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n lè kọ́ ọ láti máa gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà oúnjẹ, kó sì dá a padà bí ẹni ń gùnfẹ̀. Ẹran ọ̀fun á gbọ̀n dípò tán-án-ná, ahọ́n àti ètè á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Kò gba owó, ṣùgbọ́n ó gba oṣù púpọ̀, àwọn kan kì í sì í mọ̀ ọ́n títí. Èkejì ni ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n ń fi ti ọrùn. Ojú ẹsẹ̀ ni èyí ń ṣiṣẹ́, ó sì dára fún ìgbà tí ojú abẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Àléébù rẹ̀ fún àwa Yorùbá ni pé ohùn rẹ̀ dúró sójú kan, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lára èdè wa, ẹni tó ń gbọ́ á máa fi ojú inú wá èyí tí a ń wí. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan wà tí èèyàn lè tẹ bọ́tìnnì wọn kí ohùn gòkè díẹ̀, irú èyí ni kí ẹ bá wa wá.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ fún Bùọ̀dá. Mark Singer tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti Eric Blom tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ló gbé e jáde ní Indianapolis, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1980. Wọ́n ń lu ihò kékeré sáàárín kòmóòkun àti ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n á fi fáàfù sílíkóònù há a. Fáàfù náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá sí ọ̀fun, kò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ padà wá. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á fi àtàǹpàkò dí ihò ọrùn, afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ á gba fáàfù kọjá, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Ohùn náà rinlẹ̀, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni náà wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbé e sókè sódò ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo mọ ìyá oníṣòwò kan tó ti wọ́ọ̀dù wa lọ. Ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò dí ọrùn, ó ń ná ọjà, ó tilẹ̀ ń bá àwọn oníbàárà jà lórí owó. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kí Bùọ̀dá, ó sì ti gbà.

Wàhálà fáàfù ni pé ó ń fẹ́ pípààrọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀díẹ̀, torí pé ó ń gbó, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò gba inú rẹ̀. Láti òkè òkun ló ń wá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Níbi tí ẹ wà, ìjọba ló ń gbé e. Níbí, àpò ẹni ni. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti wọlé, Àǹtí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ náà wà ní Ìbàdàn yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ń wọ́n wa ni nǹkan tí èèyàn á máa lò lẹ́yìn rẹ̀, àti olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí á máa tẹ̀lé e.

N kò ní parọ́ fún yín, ayé wọn á yí padà. Imú ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, tó ń fún un ní ọ̀rinrin, tó sì ń sẹ́ eruku kúrò. Bí a kò bá gba ibẹ̀ mí mọ́, ihò ọrùn gbọ́dọ̀ ní ìbòrí, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ má baà pa wọ́n lára. Òórùn nǹkan á dín kù nímú wọn, adùn ọbẹ̀ á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ wẹ odò mọ́, bí wọ́n bá sì ń wẹ̀ nílé, omi kò gbọdọ̀ wọ ihò náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, rọ́bà ni wọ́n á fi máa jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí ojú rírán á fi dì. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nítorí ẹṣẹ́ ọrùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò. Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ lórí ni pé bí wọ́n bá dákú tàbí tí èémí bá fẹ́ tán, ọrùn ni kí a ti fún wọn ní afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ sí wọn lẹ́nu tàbí nímú kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá.

Nísinsìnyí, Bùọ̀dá ti ní àwọn kò ṣe. Wọ́n ní kí àwọn fi ohùn àwọn kú. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n fún Ọlọ́run ní oṣù mẹ́ta ná. Àǹtí, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ọ̀nà èémí tó ti há tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Frederick fún yín, ẹni tí adé Jámánì ń bọ̀ wá kàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1887 ni ohùn rẹ̀ há. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn dókítà Jámánì fẹ́ la ọrùn rẹ̀ kí wọ́n yọ ohun tó wà lórí tán-án-ná. Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà Morell Mackenzie ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gé díẹ̀ níbẹ̀, dókítà Rudolf Virchow yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì rí jẹjẹrẹ nínú ìwọ̀nba tí wọ́n gbé fún un. Wọ́n dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1888, kò lè mí mọ́, wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn ní San Remo. Oṣù tó tẹ̀lé e ni bàbá rẹ̀ kú, ó jọba, ìwé ló ń kọ láti fi pàṣẹ. Ọjọ́ 99 péré ló lò lórí ìtẹ́. Iṣẹ́ abẹ ayé ìgbà náà léwu, ẹnikẹ́ni kò lè búra pé ì bá yè é. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a dé orí ìtẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń rí i ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó bá sá fún abẹ nítorí ohùn, jẹjẹrẹ náà á gba ohùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á sì gba èémí tẹ̀lé e. A máa ń gbà wọ́n lálẹ́, tí wọ́n ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ihò ọrùn la sì máa ń kọ́kọ́ lù fún wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nìyí. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé wọn, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ pè wọ́n pẹ̀lú fídíò kí wọ́n lè rí ojú yín. Ẹ má sunkún. Ẹ bá bàbá ará Jàmáíkà yín sọ ọ́, bóyá ó mọ ẹnìkan lọ́hùn-ún tó ń lo fáàfù, kí ẹni náà bá Bùọ̀dá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ bá wa béèrè iye tí fáàfù àti ẹ̀rọ ọrùn jẹ́, kí gbogbo wa dá owó rẹ̀ jọ. Ẹ sì ní kí wọ́n ka ìwé sínú fóònù báyìí tí ohùn ṣì kù díẹ̀, kí wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ki oríkì wa kí a lè fi pamọ́. Èmi á jókòó tì wọ́n ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí Bùọ̀dá wá fèsì, yálà wọ́n á fọwọ́ sí ìwé tàbí wọn kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín kó tó di Ọjọ́rú.

Èmi ni,
Àbúrò yín tòótọ́.